Kí ló dé tí COBOL ń falẹ̀ tó bá ń wá nǹkan nínú tábìlì?

Prógíráàmù owó oṣù wa, tí wọ́n fi èdè kọ̀ǹpútà COBOL kọ, ń falẹ̀. Ṣé ká ra kọ̀ǹpútà tuntun ni?
Ẹ má rà á. SEARCH lásán lẹ kọ, àṣẹ tó ń wá nǹkan nínú tábìlì, ìyẹn àkójọ orúkọ inú prógíráàmù. Bí orúkọ bá jẹ́ 10,000, á máa wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan láti òkè. Ní ìpíndọ́gba, á wo bíi 5,000 kó tó rí èyí tó ń wá. SEARCH ALL ń pín tábìlì sí méjì, á tún un pín. Kò ní wò ju ìgbà 14 lọ.

Mo fi ALL sí i, compiler (prógíráàmù tó ń tú COBOL sí èdè ẹ̀rọ) kọ̀.
ASCENDING KEY (ohun tí ẹ fi tò ó láti kékeré sí ńlá) àti INDEXED BY (orúkọ index, atọ́ka ipò) dà lábẹ́ OCCURS (ìlà tó ń sọ iye àyè inú tábìlì)? Ẹnu mi ti bó lórí èyí.

PIC 9(5), nọ́ńbà lásán oní-díjíìtì márùn-ún, ni mo fi ń ka ipò nínú tábìlì.
Ẹ lo index. Bí ẹ bá ta kú, ẹ fi COMP sí i, kí nọ́ńbà náà wà bí ẹ̀rọ ṣe ń kà á.

Orúkọ wà níbẹ̀, kò rí i.
Ṣé tábìlì kún? Bí àyè bá ṣófo lẹ́yìn, ẹ fi HIGH-VALUES (ohun tó ga ju gbogbo lẹ́tà lọ) kún un kí ẹ tó kó orúkọ sí i, tàbí kí ẹ lo OCCURS DEPENDING ON, kí tábìlì mọ ní iye orúkọ tó wà níbẹ̀.

Mo ti ṣe gbogbo ìyẹn. Ó ń rí àwọn kan, kò rí àwọn mìíràn.
Háà! Èyí fojú mi rí màbo. Oníṣòwò kòkó kan l'Óǹdó ló pè mí wá láti Àkúrẹ́: bí wọ́n bá tẹ nọ́ńbà àwọn àgbẹ̀ kan, prógíráàmù á ní òun ò mọ̀ wọ́n, àgbẹ̀ sì dúró ti àpò kòkó rẹ̀, ó ń bínú. Mo rò pé àlàfo ló wà lẹ́yìn nọ́ńbà, kò sí. Mo yọ ALL kúrò, gbogbo wọn jáde! Ó wá yé mi pé ìtò ló wọ́. Mo tẹ fáìlì náà sórí ìwé: KA4 ló ṣáájú K14. Èkó ni wọ́n ti tò ó, lórí mainframe (kọ̀ǹpútà ńlá) IBM tó ń lo EBCDIC, ọ̀nà kan tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà, níbi tí lẹ́tà ti ń ṣáájú nọ́ńbà. ASCII, ọ̀nà mìíràn, ni kọ̀ǹpútà Oǹdó ń lò, nọ́ńbà ló sì ń ṣáájú níbẹ̀. Wọ́n yí lẹ́tà inú fáìlì padà sí ASCII, ẹnikẹ́ni ò tún un tò. SEARCH ALL kì í yẹ ìtò wò. Ohun tí ẹ bá kọ sí ASCENDING KEY ló gbà gbọ́. Kò ní pariwo, AT END (ibi tó ń lọ bí kò bá rí nǹkan) nìkan lẹ ó máa bá pàdé.

Orí ẹ̀rọ tí yóò wá a ni kí ẹ ti ṣe SORT (títò). Bí ẹ bá ń kó o sínú tábìlì, ẹ fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wé èyí tó ṣáájú rẹ̀; bó bá kéré sí i, kí prógíráàmù dúró, kó sì sọ ìdí.

A ò ní source prógíráàmù náà (kóòdù tí wọ́n fi kọ ọ́) mọ́ ńkọ́?
Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pe ẹni tó mọ COBOL. Ọmọ yín tó mọ Excel kọ́ o.

Àgbẹ̀ méjì ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà. Èwo ni SEARCH ALL á mú?
Èyí tó bá wù ú. Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́ lẹ fẹ́, ẹ padà sí SEARCH lásán, kí ẹ sì fi SET dá index padà sí 1 kó tó bẹ̀rẹ̀.