Bí Èèyàn Ṣe Ń Di Lọ́yà ní Nàìjíríà

Láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni kẹ́ ẹ ti mú Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́kùn-únkúndùn. Ẹ ní kírẹ́dìtì nínú rẹ̀, nínú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò, pẹ̀lú méjì mìíràn, kẹ́ ẹ sì tún mú un nínú JAMB. Ọdún márùn-ún ni ti yunifásítì.

Kẹ́ ẹ tó yan yunifásítì, ẹ wádìí bóyá Council of Legal Education, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ òfin, fọwọ́ sí ẹ̀ka òfin wọn, àti iye ọmọ tí wọ́n lè rán lọ́dọọdún lọ sí Law School, ilé ẹ̀kọ́ tí gbogbo lọ́yà ń gbà kọjá lẹ́yìn yunifásítì. Mo mọ àwọn tó gboyè tán tí wọ́n jókòó sílé, torí pé yunifásítì wọn gba èèyàn ju iye náà lọ. Àwọn ọmọ tó ń jáde lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ bi, wọn ò ní parọ́ fún yín.

Law School gan-an ló ń gbé ọ̀pọ̀ ṣubú, ì báà jẹ́ ti Bwari l'Ábújá tàbí ti Victoria Island l'Ékòó. Kọ́ọ̀sì márùn-ún ni: ẹjọ́ ọ̀daràn, ẹjọ́ ẹni sí ẹni, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ogún, òfin ilé-iṣẹ́, àti ìlànà iṣẹ́ lọ́yà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí mi níbí: wọn kì í ro máàkì pọ̀ kí wọ́n tó pín in. Kọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ ti ṣe dáadáa kéré jù ni èsì yín. Ẹ gba First Class nínú mẹ́rin, kẹ́ ẹ gba Pass, ìyẹn èsì tó kéré jù fún ẹni tó yege, nínú ọ̀kan, Pass ni wọ́n máa fún yín. Mo ti rí ọmọ tó mọ ẹjọ́ ọ̀daràn bí ẹní mowó, tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Nítorí náà, kọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ kórìíra ni kẹ́ ẹ máa fi jí ní ìdájí. Kíkà nìkan kò tó. Ẹ máa fi bírò kọ ìwé ìpẹ̀jọ́ àti ìwé ilẹ̀ sínú ìwé olówó pọ́ọ́kú, kẹ́ ẹ gbé aago síwájú. Kọ̀ǹpútà ò lè bá yín ṣe èyí. Ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ ni mo fẹ́ràn ju ìwé ńlá lọ, ẹ sì lè gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Dinner mẹ́ta, ìyẹn oúnjẹ alẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń wọṣọ lọ́yà lọ jẹ ní Law School, dandan ni. Ẹ fún télọ̀ rán aṣọ dúdú yín, ó pẹ́ ju ti bọ́síkọ̀rọ̀ lọ. Ẹ lè yá wíìgì.

Bí Body of Benchers, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà amòfin, bá ti pè yín sí iṣẹ́ lọ́yà tán, ẹ tètè lọ forúkọ sílẹ̀ ní Supreme Court. Láìsí ìyẹn, ẹ ò lè gba ẹjọ́ ẹnikẹ́ni rò.