Omi Ń Wọ Sílíńdà: Ẹ Má Tíì Jẹ́ Kí Wọ́n Tú Tọ́pù

Omi rédíétọ̀ ń dínkù, ilẹ̀ gbẹ, họ́ọ̀sì kò jò, kápẹ́ẹ̀tì inú ọkọ̀ kò tutù. Bí tiyín bá ń ṣe báyìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ́ńjìnì ló ń mu omi náà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ni pé kí ẹnikẹ́ni tó tú tọ́pù ọkọ̀ yín, ìyẹn irin tó bo orí ẹ́ńjìnì, kó kọ́kọ́ fi sílíńdà (ihò tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnì) tí omi ń wọ̀ hàn yín. Ní ṣọ́ọ̀bù mi lójú ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé, l'Ákùúrẹ́ níbí, a kì í fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì tọ́pù láìrí ẹ̀rí. Owó tó ń bá iṣẹ́ yẹn lọ kì í ṣe kékeré.

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba gbé Corolla 2005 rẹ̀ wá bá mi. Ó ní, “Ẹ̀ńjíníà, tí mo bá ṣáná sí i láàárọ̀, á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Kí n tó dé ojú títì, gbígbọ̀n náà á ti dákẹ́.” Ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù ti sọ P0302, ìyẹn ni pé sílíńdà kejì kò jó bó ṣe yẹ. Wọ́n ti ta kọ́ìlì tuntun (èyí tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná) fún un níbòmíràn, wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ọkọ̀ kò yéé gbọ̀n. Mo ní, “Màmá, omi rédíétọ̀ ńkọ́?” Ó ní òun máa ń bu omi kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìdí tí gbígbọ̀n náà fi ń jẹ́ ti àárọ̀ nìyí. Tí ẹ bá pa ọkọ̀ tó gbóná, préṣọ̀ ṣì wà nínú rédíétọ̀. Níbi tí tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì (ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àárín tọ́pù àti ara ẹ́ńjìnì) bá ti jó, tàbí tí tọ́pù fúnra rẹ̀ bá ti sán, préṣọ̀ yẹn á máa ti omi díẹ̀díẹ̀ wọ inú sílíńdà. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, púlọ́ọ̀gì ibẹ̀ ti tutù, iná rẹ̀ kò ní ràn. Tó bá ṣiṣẹ́ díẹ̀, ooru á lé omi náà jáde gba sáléńsà, ọkọ̀ á sì balẹ̀. Tí ẹ bá gbé irú ọkọ̀ yìí lọ bá mẹkáníìkì lọ́sàn-án, ó lè má rí nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kó sùn sí ṣọ́ọ̀bù mọ́jú.

Èéfín ni gbogbo èèyàn máa ń wò, àmọ́ èéfín nìkan kò tó. Èyí tó bá dúdú, epo ló pọ̀jù. Èyí tó bá ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Funfun tó ń jáde láàárọ̀ ọyẹ́ tó sì lọ kí ẹ́ńjìnì tó gbóná tán, ìrì lásán ni. Funfun tí kò lọ, tó ń rùn bí ohun dídùn lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì ti gbóná, kúláǹtì ni, ìyẹn omi oògùn tí wọ́n ń tà fún rédíétọ̀. Àmọ́ omi kànga ni ọ̀pọ̀ wa ń bù sí rédíétọ̀, omi kànga kì í sì í rùn. Ẹ má sọ pé kò rùn, nítorí náà kò sí nǹkan. Ẹ má sì tọ́ kúláǹtì wò láé, májèlé ni. Ẹ má dà á sílẹ̀ níbi tí ọmọdé tàbí ẹran ọ̀sìn lè dé.

Ọ́ìlì tó funfun lára irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì jẹ́ àmì, àmọ́ ọ́ìlì tó mọ́ kò dá gásíkẹ́ẹ̀tì láre: omi lè máa wọ sílíńdà nìkan láì dé inú ọ́ìlì rárá. Bákan náà, ọkọ̀ tí kì í rìn ju Alágbàáká sí Ọjà Ọba lọ lè ní funfun díẹ̀ lábẹ́ ìdérí ọ́ìlì torí pé kì í gbóná tán.

Ní àárọ̀ tí ọkọ̀ ṣì tutù, ẹ di họ́ọ̀sì òkè rédíétọ̀ mú bí wọ́n ṣe ń ṣáná. Tó bá le gan-an láàárín ìṣẹ́jú kan, tí omi kò sì tíì gbóná, afẹ́fẹ́ láti inú sílíńdà ló ń wọ ibẹ̀. Omi búlúù kan wà tí a ń gbé sí ẹnu rédíétọ̀ fún èyí. Tí afẹ́fẹ́ iná bá kàn án, á yí sí yẹ́lò.

Èyí tí mo fọkàn tán jù ni pọ́ǹpù rédíétọ̀, pọ́ǹpù ọwọ́ tó ní géèjì, tí a fi ń fún rédíétọ̀ ní préṣọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ tutù kí ẹ tó ṣí ìdérí, ẹ bu omi kún rédíétọ̀ dé ẹnu, ẹ so pọ́ǹpù náà mọ́ ọn. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lórí ìdérí: 0.9 (bar) jẹ́ nǹkan bíi 13 psi lórí géèjì, 1.1 jẹ́ nǹkan bíi 16. Ẹ má fún un kọjá iye yẹn. Ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú. Tí ilẹ̀ bá mọ́ tí géèjì pọ́ǹpù náà sì ti wálẹ̀ láìsí omi nílẹ̀, ẹ yọ fúùsì pọ́ǹpù epo, ẹ tú kọ́ìlì, ẹ fi afẹ́fẹ́ fẹ́ iyanrìn kúrò lójú ihò kí ó má baà bọ́ sínú, kí ẹ tó tú púlọ́ọ̀gì. Ẹ tò wọ́n sórí páálí bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn.

Ti ìyá yẹn, púlọ́ọ̀gì kejì tutù, funfun rẹ̀ mọ́ kedere. Àwọn mẹ́ta yòókù ti pọ́n díẹ̀. A ti kámẹ́rà kékeré tó ń lo fóònù wọlé: orí písítìn mẹ́ta dúdú fún èédú, ti kejì ń dán, omi ti fọ̀ ọ́. Mo na páálí sókè ihò, mo yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọmọ iṣẹ́ mi yí sítátà. Omi pupa rẹ́súrẹ́sú fọ́n sára páálí láti ihò kejì nìkan. Ìyá fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ó rí i.

Àwọn kan á ní kí a wọn compression, ìyẹn agbára tí sílíńdà fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Ó wúlò: tí sílíńdà mẹ́ta bá fún yín ní 170 psi, tí ọ̀kan fún yín ní 110, wàhálà wà níbẹ̀, tí méjì tó fara kanra bá jọ lọ sílẹ̀, àárín wọn ni gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó. Àmọ́ ojú tí omi ń gbà lè kéré débi pé compression á pé.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o: tí sítátà bá yí díẹ̀ tó sì dúró gbà láàárọ̀, ẹ má fipá ṣáná, ẹ má ti ọkọ̀. Omi kì í ṣeé fún pọ̀. Tó bá kún sílíńdà, kọ́ńrọ́ọ̀dù, irin tó gbé písítìn, ló máa tẹ̀. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì ná.

Lẹ́yìn tí a bá tú tọ́pù, irin tó tọ́ àti fíìlà géèjì (àwọn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń wọn àlàfo) ni a fi ń wò ó. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, tó bá ti tẹ̀ ju 0.05 mm lọ, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fá a. Ẹni tó ní Camry Big Daddy onílítà 2.4 kí ó ní kí wọ́n yẹ ihò nọ́ọ̀tì tọ́pù tó wà lára búlọ́ọ̀kù (ara ẹ́ńjìnì lábẹ́ tọ́pù) wò, pàápàá lẹ́yìn. Eyín inú ihò wọn, tí nọ́ọ̀tì ń di mú, máa ń jẹ, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun kò sì ní pẹ́ níbẹ̀ tí wọn kò bá fi eyín tuntun sí i.

Fáànù rédíétọ̀ Corolla yẹn kì í yí, rílè rẹ̀ (swíìṣì tó ń fún un níná) ti jó. A ṣe é, a pààrọ̀ tẹ́mọ́sítáàtì (èyí tó ń ṣí ọ̀nà fún omi nígbà tó bá gbóná), kí a tó gbé tọ́pù padà sórí.