Lọ́yà Ọ̀fẹ́ fún Ẹni Tí Wọ́n Dájọ́ Ikú Fún: Ibi Tí Ẹ Ó Ti Bẹ̀rẹ̀

Ẹ má tíì ta ilẹ̀. Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní rẹ́jísìrì Ilé Ẹjọ́ Gíga n'Ìbàdàn, iye tí lọ́yà yóò gbà ni àwọn ẹbí kọ́kọ́ máa ń bi mí. Èmi a sì bi wọ́n pé: ọjọ́ wo gan-an ni adájọ́ dá ẹjọ́ náà?

Ọjọ́ yẹn ló ṣe pàtàkì jù. 90 ọjọ́ ni òfin fún ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi láti lọ sí Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹ má pè é ní oṣù mẹ́ta. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìkà láti ọjọ́ kejì ìdájọ́, kí ẹ sì ka Sátidé àti Sọ́ńdè mọ́ ọn. Ní ti ẹjọ́ ikú, kò sí pé à ń tọrọ àyè lọ́wọ́ kóòtù kí a tó pẹjọ́: abala 241 ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ti sọ ọ́ di ẹ̀tọ́.

Nótíìsì kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ni ìwé àkọ́kọ́, kò sì gùn. Ìdí kan tàbí méjì ti tó, lọ́yà lè fi kún un tó bá yá. Ẹni tí wọ́n dájọ́ fún gan-an ni kó fọwọ́ sí i. Bí kò bá mọ̀wé, kó tẹ̀ka níṣojú ẹlẹ́rìí, kí ẹlẹ́rìí náà fọwọ́ sí i pẹ̀lú. Bí lọ́yà bá ní òun yóò bá a fọwọ́ sí i, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù sọ pé rárá. Nótíìsì ti bàjẹ́ rí nítorí irú ìfọwọ́sí bẹ́ẹ̀. Kí ẹnì kan ka ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un ní Yorùbá kó tó fọwọ́ sí i. Kóòtù tó dá ẹjọ́ náà ni ẹ ó gbé e lọ.

Ẹ̀dà nótíìsì náà tó ní òǹtẹ̀ kóòtù gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì tí wọ́n ń tọ́jú ìwé sí ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, kí ẹni tó gbà á sì fọwọ́ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí Nasiru Bello. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ pa á ní 1981 nígbà tí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ní 1986, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé ìjọba rú òfin, ó sì ní kí wọ́n san owó fún àwọn ẹbí rẹ̀.

Nísinsìnyí, lọ́yà. Legal Aid Council, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń pèsè lọ́yà ọ̀fẹ́, ti wà láti 1976, òfin tó ń darí rẹ̀ lónìí jẹ́ ti 2011, ó sì ní ọ́fíìsì ní gbogbo ìpínlẹ̀. Èkó tún ní Office of the Public Defender tirẹ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jùlọ lọ, ìyẹn ₦70,000 láti 2024, ni Legal Aid wà fún. Ẹni tó wà lẹ́wọ̀n, èló ló ń wọlé fún un? Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti lọ nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan wà nílùú òyìnbó.

Ẹ mú nọ́ńbà ẹjọ́ náà lọ, pẹ̀lú ọjọ́ ìdájọ́, orúkọ ọgbà ẹ̀wọ̀n, àti ẹ̀dà ìdájọ́ bí ẹ bá ti rí i gbà. Kí orúkọ bá ti ìwé ẹ̀sùn mu. Bí kóòtù bá kọ Kazeem tí ọgbà ẹ̀wọ̀n sì kọ Kasimu, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí ìwé méjì tí orúkọ wọn kò dọ́gba máa ń pẹ́ kí wọ́n tó bá ara wọn pàdé. Bí wọ́n bá ní kò sí lọ́yà, ẹ kọ lẹ́tà sí rẹ́jísírà Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó sún mọ́ yín, ìbáà jẹ́ Ìbàdàn, Èkó, Àkúrẹ́ tàbí Adó-Èkìtì. Òfin fún kóòtù yẹn lágbára láti yan lọ́yà fún ẹni tí kò lówó.

Lẹ́yìn náà ni kóòtù yóò ṣa gbogbo ìwé ẹjọ́ jọ, ibẹ̀ sì ni mo ti fẹ́ kí ẹ ran lọ́yà lọ́wọ́ jù. Lọ́yà ọ̀fẹ́ ní ẹjọ́ rẹpẹtẹ lọ́wọ́. Ẹ wá ìwé tí ọlọ́pàá ní ẹni yín ti jẹ́wọ́. Yorùbá ló sọ, àbí? Èdè wo ni wọ́n fi kọ ọ́? Ṣé èyí tí wọ́n kọ ní Yorùbá wà nínú fáìlì? Ta ló túmọ̀ rẹ̀, ṣé onítọ̀hún sì wá jẹ́rìí ní kóòtù? Bí ògbufọ̀ kò bá wá, ẹ kọ nọ́ńbà ojú ewé náà sílẹ̀ fún lọ́yà, torí ìwé ìjẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ lè ṣubú. Bí ẹjọ́ bá jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ tún béèrè bóyá fídíò tàbí lọ́yà wà níbẹ̀ nígbà tó ń sọ̀rọ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ ní 2023 pé dandan ni.

Bí 90 ọjọ́ bá ti kọjá, lọ́yà lè tọrọ àfikún àkókò. Ìwé ìbúra ni ẹ ó fi ṣàlàyé ohun tó fa ìdádúró, òótọ́ pọ́ńbélé ni kó wà níbẹ̀. Bí Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn bá sì fọwọ́ sí ìdájọ́ ikú náà, 30 ọjọ́ péré ló kù láti dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, nítorí náà ẹ ti bá lọ́yà sọ ọ́ kí ìdájọ́ yẹn tó jáde.

Àánú gómìnà wà nínú òfin. Òfin ọgbà ẹ̀wọ̀n ti 2019 náà sọ pé bí gbogbo ẹjọ́ bá ti parí, tí ọdún 10 sì kọjá láìpa ẹni náà, Adájọ́ Àgbà lè sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n gbére. Ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé wọn. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìlú Òkukù tí gbogbo ayé gbọ́ pé adìyẹ àti ẹyin wà lára ohun tí wọ́n ní wọ́n jí, 2014 ni wọ́n dájọ́ ikú fún wọn. Dísẹ́ḿbà 2024 ni àforíjì Gómìnà Adeleke tó dé.

Bí kóòtù bá ti fún ẹjọ́ yín ní nọ́ńbà tuntun, èyí tí CA/IB máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ n'Ìbàdàn, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kékeré kí ẹ fún ẹni yín lọ́jọ́ ìbẹ̀wò. Kó mọ̀ ọ́n sórí, kó lè sọ ọ́ fún lọ́yà tàbí adájọ́ èyíkéyìí tó bá wá wo ọgbà ẹ̀wọ̀n.