Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ọrùn, okùn ṣì ń yọ: ìbéèrè àti ìdáhùn

Mo ti dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí, nípa iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń fa awọ ọrùn tó dẹ̀ àti okùn tó ṣì ń ta lábẹ́ awọ lẹ́yìn rẹ̀, títí ó fi sú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bi mí.

Ó pé ọ̀sẹ̀ 3, ọrùn mi ò tíì jọ̀lọ̀.
Ó ṣì wú ni. Ẹ má tíì dá iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ kó tó pé oṣù 3.

Mo ń mu sìgá.
Ẹ jáwọ́. Kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dé ojú ọgbẹ́ dáadáa.

Ìpara wo ló ń mú okùn ọrùn lọ?
Kò sí. Awọ ni ìpara ń kàn, iṣan ló ń fa okùn.

Okùn méjì ṣì ta láti abẹ́ àgbọ̀n wá sísàlẹ̀. Ṣé kí wọ́n tún gé awọ ni?
Ẹ dúró ná. Odidi ọdún kan ni èyí fi dà mí láàmú. Mo gbà pé awọ ló ṣẹ́ kù, mo ń bẹ dókítà pé kó tún gé díẹ̀ sí i, alaalẹ́ ni mo sì ń fọwọ́ ra á títí ọrùn fi ń ta mí. Dókítà kejì tí mo lọ bá ò tiẹ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn mí. Ó gbé dígí fún mi, ó ní kí n pa eyín pọ̀, kí n fa igun ẹnu méjèèjì wálẹ̀. Okùn náà dìde gan-n-gan. Mo dẹ ẹnu, ó rọlẹ̀. Iṣan pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní platysma nìyẹn. Wọ́n lè rán an pọ̀ láàárín nígbà iṣẹ́ abẹ, síbẹ̀ kó tún máa fà. Ó fún mi ní abẹ́rẹ́ Botox, oògùn tó ń dẹ iṣan, díẹ̀díẹ̀ lójú okùn náà. Ọjọ́ kìíní, kò sí ìyàtọ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ 2, ó ti rọ̀. Lẹ́yìn oṣù 4 ó padà, mo tún gbà á. Bó ṣe rí nìyẹn: kì í ṣe àgbàṣetán.

Bí okùn tiyín kì í bá rọlẹ̀ rárá, ó lè jẹ́ àpá abẹ́ awọ tàbí awọ tó dẹ̀ lóòótọ́. Dókítà ló máa fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìlà tó yí ọrùn ká ńkọ́?
Fífa awọ kì í sábà pa á rẹ́. Abẹ́rẹ́ hyaluronic acid, èròjà tí wọ́n fi ń kún abẹ́ ìlà náà, tàbí ìtànṣán lésà lè dín in kù.

Ọ̀rẹ́ mi lè gún mi ní Botox nílé.
Rárá o! Bó bá pọ̀ jù tàbí tó wọlé jù, ó lè dé iṣan tí a fi ń gbé oúnjẹ mì. Ẹni tó mọ iṣan ọrùn dunjú ni kó gún yín. Bí oúnjẹ ò bá lọ mọ́ tàbí tí ohùn yí padà lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà. Bí mímí bá nira, ilé ìwòsàn ni tààrà.