Bí mo ṣe fi kọ̀ǹpútà kó kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sí agbo-agbo ní Ẹ̀pẹ́

Bí o bá da àpàlà, sákárà, wákà, fújì àti jùjú pọ̀ síwájú kọ̀ǹpútà láìdárúkọ ìkankan fún un, ohun tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ kì í ṣe ìlù, kì í sì í ṣe ohùn olórin. Kásẹ́ẹ̀tì ni yóò gbọ́. Mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ tí mo ṣe yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti pẹ́ jù.

Iṣẹ́ náà rèé. Àlájì, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ti ń ta orin lọ́jà Ayétòrò ní Ẹ̀pẹ́ láti ìgbà tí rẹ́kọ́ọ̀dù ṣì wà lóde. Kásẹ́ẹ̀tì kún inú páálí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wọn, bébà ara ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti ṣí dànù. Àwọn oníbàárà kò ra kásẹ́ẹ̀tì mọ́. Wọ́n á gbé fóònù tàbí mẹ́mórì káàdì wá, wọ́n á ní, "Àlájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kó àpàlà sí i." A ní láti kọ́kọ́ mọ èyí tó jẹ́ àpàlà nínú ohun tí kò lórúkọ. Bí Àlájì bá gbọ́ ọ, wọ́n á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó gbọ́ gbogbo páálí náà tán? Ìdí nìyẹn tí mo fi lo machine learning, ìyẹn ọgbọ́n tí kọ̀ǹpútà fi ń kẹ́kọ̀ọ́ láti inú ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ, bíi kó yẹ̀ wọ́n wò títí yóò fi rí àwọn tó jọra.

Gbígbé orin kúrò nínú kásẹ́ẹ̀tì kò le. Mo fi sípíríìtì nu orí ẹ̀rọ, mo fi wáyà so ibi tí wọ́n ń ki íápíìsì bọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, mo sì fi Audacity, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, gbà á sílẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gé orin kọ̀ọ̀kan sí ègé oníṣẹ́jú-àáyá 30. Gígé yìí ṣe pàtàkì fún orin tiwa, torí olórin fújì tàbí jùjú lè fi odidi ojú àwo kan kọrin láìdúró, kí orin bíi mẹ́ta máa wọnú ara wọn. Bí o bá gbé gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀rọ lódidi, àpapọ̀ tí kò jọ ìkankan nínú wọn ni yóò gbà.

Kọ̀ǹpútà kì í gbọ́ orin, iye ló ń rí. Librosa, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan fún àwọn tó ń lo Python (èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà), ni mo fi sọ ègé kọ̀ọ̀kan di iye. Bí o kò bá yí i padà, ìgbà 22,050 ló ń wọn ohùn nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láti inú rẹ̀ ni mo ti mú ohun tí wọ́n ń pè ní MFCC jáde: iye díẹ̀ tó ń sọ bí agbára ohùn ṣe pín láti ìsàlẹ̀ dé òkè, lórí òṣùwọ̀n mel tí àwọn onímọ̀ gbé kalẹ̀ ní 1937 láti bá bí etí èèyàn ṣe ń gbọ́ràn mu. Àwọn iye yìí ló ń jẹ́ kí gòjé yàtọ̀ sí jìtá bí wọ́n tilẹ̀ ń kọ ohùn kan náà.

Mo wá fi k-means kó wọn sí agbo. Ìwọ ni yóò sọ iye agbo tí o fẹ́. Ẹ̀rọ yóò fi àmì kan sí àárín agbo kọ̀ọ̀kan, yóò kó ègé kọ̀ọ̀kan sọ́dọ̀ àmì tó sún mọ́ ọn jù, yóò sún àmì náà sí àárín gbùngbùn ohun tó kó jọ, yóò sì máa tún un ṣe títí ègé kankan kò fi ní kúrò ní agbo rẹ̀ mọ́.

Mo jókòó gbọ́ agbo àkọ́kọ́. Àyìnlá Ọmọwúrà àti Ebenezer Obey wà níbẹ̀ pọ̀, àpàlà pẹ̀lú jùjú onígìtá. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni "ṣìì" kan náà tó wà lábẹ́ orin méjèèjì, torí ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n fi dà wọ́n kọ. Agbo mìíràn jẹ́ ti àwọn tó ní ìró "hùùù" iná mànàmáná, tó máa ń wà ní 50 Hz (ìgbà 50 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan) àti ní ìlọ́po rẹ̀. Òṣùwọ̀n silhouette, tó ń sọ bí agbo ṣe dá dúró tó láti -1 sí 1, ga jù nígbà tí ẹ̀rọ ń fi ariwo kásẹ́ẹ̀tì pín orin báyìí. Ẹni tó bá wo òṣùwọ̀n nìkan yóò yọ̀, yóò sì kó iṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀. Etí ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo gé ohùn tó wà nísàlẹ̀ gan-an àti èyí tó wà lókè gan-an kúrò. Ó dín kù, kò tán. Ọ̀nà kejì ni pé kí a wá ìwọ̀n àárín MFCC kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, kí a sì yọ ọ́ kúrò lára gbogbo ègé inú rẹ̀. Ohun tí kò yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin yóò bá a lọ, ariwo kásẹ́ẹ̀tì kì í sì í yí padà. Ṣùgbọ́n nínú sákárà, gòjé náà kì í dákẹ́. Ẹ gbọ́ Yusuf Ọlátúnjí: gòjé ń bá ohùn rẹ̀ rìn láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ohun tó yọ ariwo kúrò yọ nínú gòjé náà. Nítorí náà n kò yọ ọ́ tán, ìdajì ìwọ̀n àárín náà ni mo yọ. Mo wá fi bí MFCC ṣe ń yí padà láti ìgbà kan sí òmíràn kún un, pẹ̀lú bí ìlù ṣe ń dún léraléra. Ìgbà yìí ni orin bẹ̀rẹ̀ sí í hàn.

Ìyára orin náà gba ìṣọ́ra. Librosa ń bẹ̀rẹ̀ ìfojúdá rẹ̀ láti orí ìlù 120 ní ìṣẹ́jú kan. Nínú ọ̀pọ̀ orin wa, agogo ń pín ìyípo kan sí méjìlá, ẹsẹ̀ oníjó ń tẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin nínú rẹ̀, ìlù mìíràn sì ń ka mẹ́ta ní tirẹ̀. Ègé kan lè gba iye kan, kí èyí tó tẹ̀ lé e nínú orin kan náà gba ìlọ́po méjì rẹ̀. Mo pa iye kan ṣoṣo yẹn tì, mo lo tempogram, tó ń fi gbogbo ìyára tó wà nínú ègé hàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí mo gbé agbo tuntun wọ̀nyí fún Àlájì, wọ́n mọ wákà lójú ẹsẹ̀: agbo ohùn obìnrin ni, Bàtílì Àlàkẹ́ sì wà níbẹ̀. Agbo kan da àpàlà, fújì àti jùjú pọ̀. Wọ́n gbọ́ bíi mẹ́rin, wọ́n ní, "Ọmọ mi, gángan ló ń sọ̀rọ̀ nínú gbogbo eléyìí. Olórin dákẹ́ fún un ni." Mo fi agbo yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, inú mi sì dùn sí i, torí àwọn onílù wà tí yóò fẹ́ gbọ́ ọ fúnra rẹ̀.

Fújì ayé àtijọ́ kò dá dúró. Ó pín sáàárín àpàlà àti sákárà, n kò sì rí ìdí tí a ó fi fipá yà á sọ́tọ̀. Inú wéré tí wọ́n fi ń jí èèyàn sí sààrì ni Sikiru Àyìndé Barrister ti gbé fújì jáde, ó sì fa ìlù àwọn orin méjèèjì yẹn mọ́ra.

K-means kì í sọ orúkọ agbo, nítorí náà mo tún kọ́ ẹ̀rọ kan tí yóò máa dárúkọ irú orin. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú GTZAN, àkójọ tí George Tzanetakis àti Perry Cook lò ní 2002: ègé 1,000, irú orin mẹ́wàá, láti blues dé rock. Àpàlà kò sí nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ẹ̀rọ tí a fi í kọ́ yóò fi dandan sọ Hárúnà Ìṣọ̀lá pẹ̀lú agídìgbo rẹ̀ di ọ̀kan nínú wọn. Ègé tí Àlájì ti fẹnu ara wọn dárúkọ ni mo fi kọ́ tèmi. Mo sì rí i dájú pé olórin tó bá wà nínú ohun tí mo fi kọ́ ọ kò sí nínú ohun tí mo fi dán an wò, kó má baà jẹ́ pé ohùn Hárúnà ló mọ̀, kó máa pè é ní àpàlà.

Báyìí, ègé tó bá bọ́ sáàárín agbo méjì nìkan ni mo ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Àlájì á gbọ́ ọ, wọ́n á kọ irú orin àti irú ìlù inú rẹ̀ sínú ìwé, èmi á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ti tẹ́lẹ̀ kí n tó tún ẹ̀rọ náà kọ́.