Bí Mo Ṣe Po Perovskite LSCF Fún Fuel Cell: Ìrírí Mi

Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n tí ń darí mi gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n fi ọwọ́ ara mi po èròjà kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní LSCF, kí n tẹ́ ẹ sí ojú awo seramiki, kí n sì wọn bí ó ti wúlò tó fún fuel cell. Lanthanum, strontium, cobalt àti irin ni ó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọ́síjìn, bí a sì ti ń kọ ọ́ nìyí: La₀.₆Sr₀.₄Co₀.₂Fe₀.₈O₃. Ohun tí ó mú mi kọ ìrírí yìí ni pé gbólóhùn kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ ìwádìí fi ń ṣàlàyé bí a ṣe ń wọn èròjà wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.

Fuel cell a máa sọ agbára inú háídrójìn di iná mànàmáná láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ jó o bí jẹnẹrétọ̀ ti ń jó epo. Nínú irú èyí tí a fi seramiki ṣe, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ já sí méjì, kí átọ́mù kọ̀ọ̀kan sì gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì, kí ó tó lè gba inú awo náà kọjá lọ bá háídrójìn ní òdì kejì, tí wọn yóò sì di omi. Ìgbésẹ̀ yìí máa ń falẹ̀ púpọ̀ bí a bá mú ooru ẹ̀rọ náà wálẹ̀ láti 1000 dígírì Celsius sí nǹkan bí 700, bẹ́ẹ̀ 700 yẹn ni a ń fẹ́, nítorí pé irin tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè fara dà á. Nítorí náà ni a ṣe nílò ohun tí yóò mú un yá. Platinum lè ṣe é, ṣùgbọ́n ó wọ́n jù. Ní ọdún 1970 ni onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Meadowcroft ti dábàá perovskite (èròjà tí átọ́mù rẹ̀ tò bí ti òkúta kan tí ń jẹ́ orúkọ yìí) tí ó ní strontium nínú gẹ́gẹ́ bí ohun tí kò wọ́n tí a lè lò níbi tí ọ́síjìn ti ń wọlé, nígbà tí ó sì di 1985, Teraoka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan fi hàn pé ọ́síjìn ń gba inú irú àpòpọ̀ mẹ́rin yìí kọjá.

Àwọn òkè Ural ní Rọ́ṣíà ni wọ́n ti rí òkúta perovskite àkọ́kọ́, tí Gustav Rose sì ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1839. Nínú LaFeO₃, tí ó ní irú ètò kan náà, átọ́mù irin kọ̀ọ̀kan wà láàárín ọ́síjìn mẹ́fà, lanthanum tí ó tóbi sì wà nínú àlàfo tí ó kù. Iná mànàmáná kì í fi bẹ́ẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n bí a bá fi strontium, tí agbára iná rẹ̀ jẹ́ méjì, rọ́pò díẹ̀ nínú lanthanum, tí tirẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, ìṣirò iná inú òkúta náà kò dọ́gba mọ́, ó sì ní láti wá ọ̀nà àtidọ́gba: yálà kí irin àti cobalt kan lọ láti mẹ́ta sí mẹ́rin, tàbí kí ọ́síjìn kan fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni ó ń jẹ́ kí iná mànàmáná gbà á kọjá. Ti èkejì ni ó ń jẹ́ kí ọ́síjìn lè rìn nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ẹnì kan bá bọ́ sílẹ̀ nínú dánfó tí ó kún fọ́fọ́, tí àwọn tí ó kù sì wá rí àyè sún.

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo kọ́kọ́ fi òfin tí onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Goldschmidt gbé kalẹ̀ ní 1926 ṣírò bóyá àwọn átọ́mù wọ̀nyí yóò bára mu. Ìtóbi lanthanum (La) jẹ́ 1.36 ångström (ìwọ̀n kékeré tí a fi ń wọn átọ́mù), ti strontium (Sr) jẹ́ 1.44, ti ọ́síjìn sì jẹ́ 1.40. Nígbà tí mo fi ti irin àti cobalt kún un, èsì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.97, èyí tí ó súnmọ́ 1 tó láti fọkàn balẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni wíwọ̀n. Iyọ̀ tí a ń pè ní nitrate ni mo lò, nítorí pé ó máa ń yòrò sínú omi wẹ́rẹ́. Láti rí giramu 10 LSCF, ìṣirò mi fún mi ní giramu 11.66 lanthanum nitrate, 3.80 ti strontium, 2.61 ti cobalt àti 14.50 ti irin. Àmọ́ iye wọ̀nyí kò ṣeé gbára lé àfi bí omi tí ó wà nínú iyọ̀ náà bá jẹ́ iye tí a kọ sára ìgò, bẹ́ẹ̀ nitrate irin a máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra láti ìgbà tí a bá ti ṣí ìdérí rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi kọ́kọ́ bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ìkòkò kékeré, tí mo yan án nínú iná ìléru títí ó fi di ògidì ìpẹtà irin, tí mo sì tún un wọ̀n. Bí omi inú rẹ̀ bá pé bí a ti kọ ọ́, ohun tí yóò kù yẹ kí ó jẹ́ ìdá 19.76 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún lanthanum àti cobalt pẹ̀lú, mo sì fi èsì rẹ̀ tún ìṣirò mi ṣe. Ti strontium nìkan ni ó rọrùn, nítorí pé nitrate rẹ̀ kò ní omi nínú. Mo kàn gbẹ ẹ́ dáadáa ni. Ẹni tí ó bá fo ìgbésẹ̀ yìí yóò rò pé ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àyè lanthanum ni òun fi strontium rọ́pò, nígbà tí ó jẹ́ pé òmíràn ni ó wà níbẹ̀, gbogbo ohun tí ó bá sì sọ nípa àyè ọ́síjìn lẹ́yìn náà kò ní ìpìlẹ̀.

Mo yọ́ iyọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú omi tí a ti yọ gbogbo iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀, mo sì da citric acid, irú èyí tí ó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́, sí i ní ìlọ́po kan àbọ̀ iye átọ́mù lanthanum, strontium, cobalt àti irin lápapọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di àwọn átọ́mù náà mú bí wọ́n ṣe dàpọ̀ nínú omi, kí ìkan má bàa ṣáájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dì. Mo fi ethylene glycol kún un, mo sì ń rò ó lórí iná ní 80 dígírì títí ó fi ki, tí ó sì fà bí ògidì oyin. Nígbà tí mo mú iná náà ga, ó wú, ó gbiná fúnra rẹ̀, èéfín aláwọ̀ ilẹ̀ sì rú jáde. Májèlé ni èéfín nitrogen yìí. Abẹ́ ẹ̀rọ tí ń fa afẹ́fẹ́ jáde nìkan ni kí ẹnikẹ́ni ti ṣe é.

Eérú tí ó kù ni mo lọ̀ nínú odó agate, tí mo sì yan ní 1000 dígírì. X-ray fi hàn pé perovskite nìkan ni ó wà níbẹ̀: ìlà rẹ̀ tí ó ga jù wà ní nǹkan bí 32 sí 33 dígírì (ti igun ni o, kì í ṣe ti ooru), kò sì sí ìlà strontium carbonate ní itòsí 25, ibi tí mo ti ń wò jù lọ.

Mo po ìyẹ̀fun náà mọ́ terpineol àti ethyl cellulose títí ó fi ki bí ọ̀dà, mo tẹ̀ ẹ́ sí ojú méjèèjì awo ceria (seramiki tí a fi cerium ṣe) tí ó ní gadolinium nínú, mo sì yan án ní 1100 dígírì. N kò lo awo zirconia (èyí tí a fi zirconium ṣe) tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, nítorí pé strontium a máa bá zirconium so pọ̀ di SrZrO₃, èyí tí ó máa ń dí ọ̀nà mọ́ ọ́síjìn.

Fún ìfiwéra, mo ṣe LaFeO₃ tí kò ní strontium tàbí cobalt ní ọ̀nà kan náà gan-an. Mo wọn ìdènà àwọn méjèèjì (bí ó ti ṣòro tó fún iṣẹ́ ọ́síjìn láti wáyé lára wọn; bí ó bá ṣe kéré sí ni ó dára sí) nínú afẹ́fẹ́ láti 600 dígírì sí 800, nípa fífi iná mànàmáná kékeré tí ń lọ tí ń bọ̀ sí wọn, mo sì pín èsì náà sí méjì nítorí pé ojú awo méjèèjì ni a tẹ́ èròjà sí. Ti LSCF kéré gan-an sí èkejì ní gbogbo ìwọ̀n ooru, ìdènà náà sì ń lọ sílẹ̀ bí ooru ti ń ga. Inú mi dùn púpọ̀, nítorí pé irú ìyẹ̀fun kan náà ni wọ́n lójú lásán, àfi àwọ̀ wọn tí ó yàtọ̀.

Síbẹ̀, cobalt tí ó jẹ́ kí ó yá yìí náà ni ó ń mú kí ó fẹ̀ ju awo ceria lọ bí ó bá gbóná, tí ó fi lè ṣí kúrò lára rẹ̀, kò sì wá ní ọ̀fẹ́: ilẹ̀ Democratic Republic of Congo ni a ti ń wa èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní gbogbo àgbáyé. Strontium pàápàá a máa jáde wá sí ojú èròjà náà díẹ̀díẹ̀, tí ó bá sì pàdé chromium tí ó ń di èéfín jáde láti ara irin ẹ̀rọ náà, wọn a di SrCrO₄. Nítorí náà, iṣẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn èyí ni láti dín cobalt kù nínú àpòpọ̀ náà, kí n sì tún gbogbo ìwọ̀n wọ̀nyí ṣe láti orí yíyan iyọ̀ nínú iná ìléru.