Bí Mo Ṣe Wádìí Ọ̀nà Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì fún Àbúrò Mi

Nígbà tí èsì WAEC àbúrò mi obìnrin jáde, tí ó sì fi dandan lé e pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni òun fẹ́ ṣe, èmi ni àwọn òbí wa ní kí n wádìí ibi tí ó yẹ kí ó ti kọ́ ọ. Mo kọ́kọ́ yẹ èsì náà wò, nítorí wọ́n máa ń béèrè kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, bàólọ́jì, kẹ́mísìrì àti físíìsì. Márààrún pé.

Lẹ́yìn náà ni mo tọ màmá kan lọ, nọ́ọ̀sì àgbà ní ilé ìwòsàn ìjọba. Kí wọ́n tó dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ kankan, wọ́n fa káàdì kan yọ nínú báàgì wọn, wọ́n sì fi ìka tọ́ka sí déètì tí ó wà lára rẹ̀. Wọ́n ní, “Ìwé àṣẹ tí mo fi ń ṣiṣẹ́ nìyí, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni a ń sọ ọ́ dọ̀tun. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò bá lè mú àbúrò rẹ dé ìdánwò Council, má fowó rẹ síbẹ̀.” Nursing and Midwifery Council of Nigeria ni wọ́n ń wí, ìgbìmọ̀ tí ó ń fún nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní àṣẹ.

Ọ̀rọ̀ wọn ni mo ń tẹ̀ lé láti ìgbà náà. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ládùúgbò wa lẹ ìwé mọ́ ògiri pé àwọn ń kọ́ni ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n mo wá orúkọ rẹ̀ títí nínú àkójọ ilé ẹ̀kọ́ tí Council fọwọ́ sí, n kò rí i. Ó dùn mí gan-an, nítorí àwọn ọmọbìnrin tí ó wà níbẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ òru, wọ́n ń gún abẹ́rẹ́, wọ́n ń nu aláìsàn, síbẹ̀ ìwé tí wọn yóò gbà kò lè sọ wọ́n di nọ́ọ̀sì lójú òfin.

Ọ̀nà méjì ni ó wá kù. Yunifásítì ń gba ọdún márùn-ún, a sì ń kọ́ ọ ní Ìbàdàn, níbi tí ẹ̀kọ́ oyè nọ́ọ̀sì ti bẹ̀rẹ̀ ní 1965, ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì nọ́ọ̀sì ni èkejì, ẹni tí ó bá sì ti ibẹ̀ gba àṣẹ Council lè gba Direct Entry, ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kejì, wọ yunifásítì lẹ́yìn náà. Mo tún ṣàlàyé iṣẹ́ ìlera ìgbèríko fún un, èyí tí wọ́n ń kọ́ ní Elẹ́yẹlé n’Ìbàdàn, tí àwọn tí ó kọ́ ọ ń fún ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí wọ́n sì ń tọ́jú aboyún ní ìletò. Iṣẹ́ iyì ni lójú mi, ṣùgbọ́n àbúrò mi ní ìtọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé ni ó wu òun, Àrò ní Abẹ́òkúta sì ní ilé ẹ̀kọ́ tí nọ́ọ̀sì tí ó ti gba àṣẹ lè lọ fún un.

Yunifásítì Ìbàdàn ni a kọ ṣáájú nínú fọ́ọ̀mù JAMB rẹ̀, a sì ra fọ́ọ̀mù kọ́lẹ́ẹ̀jì nọ́ọ̀sì kan mọ́ ọn, kí ọdún má baà ṣòfò bí Ìbàdàn kò bá gbà á.